Ìyá Bọ́lá Kì Í Ṣe Ìyá Bọ́láńlé: Bí A Ṣe Ń Wá Ìlà Kan Ṣoṣo Nínú Àtẹ Ojú-Ewé

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, kóòdù tí mo kọ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìyá àgbàlagbà kan di òpùrọ́ ní Ìkẹ́nnẹ́. Kóòdù náà kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Búráúsà kò fi àwọ̀ pupa kọ àṣìṣe kankan jáde. Mo ti dán an wò nílé, ó sì ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa yìí ni àwọn ará ilé máa ń bẹ̀ pé kí ẹ bá àwọn ṣe ojú-ewé kékeré fún ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀bù tàbí ẹgbẹ́. Nítorí náà, mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí n sì to ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó bá ti mọ HTML díẹ̀, tó sì ti kọ JavaScript rí, á lè bá mi dé òpin.

Ọjọ́ tí wọ́n pín owó

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin kan ní Ìkẹ́nnẹ́. Wọ́n jẹ́ 42. Wọ́n ń dá owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń pín in nígbà tí ọdún bá fẹ́ parí. Ẹni tó bá yá owó láàárín ọdún gbọ́dọ̀ ní onídùúró. Inú ìwé ńlá kan ni akápò ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, ẹni tó bá sì gba owó yóò tẹ̀ka síwájú orúkọ rẹ̀.

Màmá wí fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ìwọ tó o ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, o ò lè bá wa ṣe é kó rọrùn?" Mo ní, "Kò le rárá, mà." Mo fi HTML ṣe àtẹ, mo fi àkójọ orúkọ sí òkè rẹ̀, mo fi bọ́tìnì kan sí i. Akápò yóò mú orúkọ, yóò tẹ bọ́tìnì, ìlà ẹni náà yóò sì di àwọ̀ ewé. Àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé ó ti gba owó tirẹ̀.

Díẹ̀ lára àtẹ náà rèé. Orúkọ tí mo lò níhìn-ín kì í ṣe orúkọ àwọn ìyá náà gan-an, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan ṣe wà nínú èkejì, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí.

```
<table id="ajo">
  <thead>
    <tr><th>Nọ́ńbà</th><th>Orúkọ</th><th>Onídùúró</th></tr>
  </thead>
  <tbody>
    <tr><td>004</td><td>Ìyá Bọ́láńlé</td><td></td></tr>
    <tr><td>017</td><td>Ìyá Bọ́lá</td><td></td></tr>
    <tr><td>022</td><td>Ìyá Túnjí</td><td>Ìyá Bọ́lá</td></tr>
    <tr><td>031</td><td>Ìyá Kẹ́mi</td><td></td></tr>
  </tbody>
</table>
```

Kóòdù tó ń sọ ìlà di àwọ̀ ewé nìyí:

```
function samiSi(oruko) {
  $('#ajo tr:contains("' + oruko + '")').addClass('ti-gba');
}
```

Nílé, mo fi Ìyá Kẹ́mi dán an wò. Ìlà Ìyá Kẹ́mi nìkan ló yí padà. Inú mi dùn, mo gbé e lọ fún wọn.

Lọ́jọ́ ìpínwó, Ìyá Bọ́lá ni ẹni kejì tó dé láàárọ̀. Akápò mú orúkọ rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì, ó ka owó fún un, ó tẹ̀ka, ó lọ. Kò sẹ́ni tó yí ojú-ewé lọ sókè tàbí wá sísàlẹ̀ láti wo ìlà yòókù. Nígbà tó di ọwọ́ ọ̀sán, Ìyá Bọ́láńlé ti oko dé. Ìyá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Akápò wo kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ẹ ti gba tiyín o, Ìyá." Ìyá ní, "Èmi kẹ̀? Ta ló gbà á?" Ni ẹnì kan bá rántí pé ọmọ ọmọ Ìyá ti wá láàárọ̀ láti béèrè àsìkò tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Ojú gbogbo ènìyàn bá yí sí ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ó bú sẹ́kún.

Màmá ló ní kí wọ́n gbé ìwé ńlá wá. Kò sí ìtẹ̀ka kankan níwájú orúkọ Ìyá Bọ́láńlé. Wọ́n ka owó tó kù nínú àpò, ó pé. Wọ́n sanwó fún Ìyá, wọ́n sì bẹ ọmọ náà. Nígbà tí mo dé ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Bọ́láńlé kò bú mi. Ohun tó sọ ni pé, "Ọmọ mi, kọ̀ǹpútà rẹ mọ orúkọ, kò mọ èèyàn." Mo jókòó ti kóòdù náà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: "ó wà nínú rẹ̀" kì í ṣe "òun ni"

`:contains` kì í ṣe ara CSS tí búráúsà mọ̀ lónìí. Wọ́n dábàá rẹ̀ nígbà kan rí, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. jQuery, tí John Resig gbé jáde ní ọdún 2006, ló fi í sínú irinṣẹ́ tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú wa ti mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi ìlà kọ̀ọ̀kan: ṣé ọ̀rọ̀ yìí wà níbì kan nínú rẹ? Kò béèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà nìkan ló wà níbẹ̀. "Ìyá Bọ́lá" wà nínú "Ìyá Bọ́láńlé" láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí náà ìdáhùn ni "bẹ́ẹ̀ ni." `includes` ti JavaScript pàápàá ń ṣe ohun kan náà.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ orúkọ ìyá nìkan ni. Ẹ wo ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, bí wọ́n ṣe máa ń kọ wọ́n nínú fọ́ọ̀mù: Abeokuta North, Abeokuta South, Ado-Odo/Ota, Ewekoro, Ifo, Ijebu East, Ijebu North, Ijebu North East, Ijebu Ode, Ikenne, Imeko Afon, Ipokia, Obafemi Owode, Odeda, Odogbolu, Ogun Waterside, Remo North, Sagamu, Yewa North, Yewa South.

Bí ẹ bá fi `:contains` wá "Ijebu North", ìlà méjì ni yóò gbé wá: Ijebu North, tí olú rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, àti Ijebu North East, tí olú rẹ̀ wà ní Àtàn. Bí ẹ bá wá "Ijebu" lásán, mẹ́rin. Bí ẹ bá wá "North", márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá "Ikenne", ìlà kan ṣoṣo ni ẹ óò rí. Ìdí rèé tí àṣìṣe yìí fi máa ń fara pamọ́. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ yóò fi ìlú rẹ̀ dán kóòdù wò, yóò ní ó dára. Ará Àtàn ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Èmi náà, Ìyá Kẹ́mi ni mo fi dán tèmi wò.

Ohun tó yẹ kí a béèrè ni: ṣé ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ bá ohun tí mo ń wá mu rẹ́gí, láìlé, láìdín? Nínú JavaScript, `===` ló ń béèrè bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: àpótí ni kí o wò, má wo gbogbo ìlà

Ẹ padà wo àtẹ mi. Ìlà mẹ́ta ni kóòdù àkọ́kọ́ yẹn sọ di àwọ̀ ewé, kì í ṣe méjì. Ìlà 022, ti Ìyá Túnjí, yí padà pẹ̀lú, nítorí pé Ìyá Bọ́lá ni onídùúró rẹ̀. Orúkọ Ìyá Bọ́lá wà nínú ìlà yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú àpótí orúkọ. Bí Ìyá Túnjí bá ti pẹ́ dé, òun náà ìbá bá ẹjọ́ lọ́nà.

Àtẹ ní ìlà, ìlà sì ní àpótí. HTML ń pe ìlà ní `tr`, ó ń pe àpótí ní `td`, tàbí `th` bó bá jẹ́ àpótí orí. Nínú JavaScript, gbogbo ìlà ní `cells`, tó to àpótí rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún. Láti òdo ni ó ti ń kà: `cells[0]` ni nọ́ńbà, `cells[1]` ni orúkọ, `cells[2]` ni onídùúró. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ báyìí:

```
function waIla(oruko) {
  const gbogbo = document.querySelectorAll('#ajo tbody tr');
  return Array.from(gbogbo).filter(function (tr) {
    return tr.cells[1].textContent === oruko;
  });
}
```

`querySelectorAll` kó gbogbo ìlà inú `tbody` jọ, kò kan ìlà orí. `Array.from` sọ wọ́n di àkójọ tí a lè sẹ́. `filter` wá ń sẹ́ wọn bí ẹni sẹ́ ògì: ìlà tí àpótí kejì rẹ̀ bá bá orúkọ mu rẹ́gí nìkan ló kọjá. Ẹni tó bá ṣì ń lo jQuery lè fi `.filter` ti jQuery ṣe iṣẹ́ kan náà. Èrò inú rẹ̀ kò yàtọ̀.

Bẹ́ ẹ bá pe `waIla('Ìyá Bọ́lá')` báyìí, ìlà 017 nìkan ni yóò jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àlàfo tí ojú kò rí

Bí a bá ti ń béèrè fún ìbámu rẹ́gí, nǹkan kékeré lè dí wa lọ́wọ́. Ká ní ẹnì kan kọ àpótí orúkọ báyìí:

```
<td>
  Ìyá Bọ́lá
</td>
```

Lójú wa, kò sí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n `textContent` kó gbogbo ohun tó wà láàárín `<td>` àti `</td>`, títí kan bí a ṣe sọ̀kalẹ̀ sí ìlà tuntun àti àlàfo méjì tó ṣáájú orúkọ. "Ìyá Bọ́lá" tó ní àlàfo lẹ́yìn kò bá "Ìyá Bọ́lá" tí kò ní in mu. `===` kì í gba ẹ̀bẹ̀.

Nítorí náà, a ní láti fọ ọ̀rọ̀ mọ́ kí a tó fi wé ara wọn:

```
function fo(oro) {
  return oro.replace(/\s+/g, ' ').trim();
}
```

`\s+` dúró fún àlàfo kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yálà àlàfo lásán, ti tab, ti ìlà tuntun, tàbí `&nbsp;` tí àwọn kan máa ń fi sáàárín ọ̀rọ̀ méjì. A sọ gbogbo rẹ̀ di àlàfo kan. `trim` wá gé èyí tó wà níwájú àti lẹ́yìn. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kí ẹ fọ̀, ohun tó wà nínú àtẹ àti ohun tí ẹ ń wá:

```
return fo(tr.cells[1].textContent) === fo(oruko);
```

Ẹ má fọ ọ̀kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: lẹ́tà Yorùbá tó jọra tí kò bára mu

Mo rò pé ó ti parí. Nígbà tí ọdún tuntun wọlé, akọ̀wé ẹgbẹ́ fi orúkọ àwọn mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ránṣẹ́ sí mi. Mo ti inú ìwé tirẹ̀ gbé wọn sínú àtẹ. Fóònù mi ni mo fi tẹ orúkọ kan náà sínú àkójọ òkè. Mo dán an wò. Ìyá Bọ́sẹ̀ wà nínú àtẹ, ó wà nínú àkójọ, síbẹ̀ kóòdù ní òun kò rí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fi ojú wo orúkọ méjèèjì títí, wọn kò yàtọ̀ rárá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tó ń kọ Yorùbá ju ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Unicode ló fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Lẹ́tà ẹ ní U+1EB9, ọ ní U+1ECD, ṣ ní U+1E63, á náà ní U+00E1. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ́. A ní láti fi ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta kọ́ wọn pọ̀. Ọ̀nà tí a lè gbà kọ́ ọ́ pọ̀ ju ọ̀kan lọ:

- ọ (U+1ECD), kí àmì ohùn òkè (U+0301) tẹ̀lé e;
- o lásán, kí àmì abẹ́ (U+0323) tẹ̀lé e, kí àmì ohùn òkè (U+0301) wá kẹ́yìn;
- ó (U+00F3), kí àmì abẹ́ (U+0323) tẹ̀lé e.

Ojú ènìyàn rí ọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. `===` rí ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan lè fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, òmíràn ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Orúkọ ìlú wa pàápàá jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Lẹ́tà mẹ́fà ni a ń kà nínú Ìkẹ́nnẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí JavaScript kà:

```
'Ìkẹ́nnẹ́'.normalize('NFC').length   // 8
'Ìkẹ́nnẹ́'.normalize('NFD').length   // 11
```

Inú kóòdù yìí náà ni ìwòsàn rẹ̀ wà. Láti ọdún 2015 ni JavaScript ti ní `normalize`. NFC ń kó ẹyọ tó bá ṣeé kó pọ̀ sójú kan. NFD ń tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Èyí tí ẹ bá mú kò ṣe nǹkan, bí ẹ bá ti lo ọ̀kan náà fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọ̀nà mẹ́ta tí mo kọ sókè yìí, ọ̀kan náà ni wọn yóò dà lẹ́yìn `normalize`.

Ó ku ìdẹkùn kan. Àwọn kan kì í fi ojú àmì sí abẹ́ lẹ́tà, igi kékeré tó dúró gbọọrọ ni wọ́n ń fi sí i. Unicode ka igi yẹn sí àmì mìíràn, U+0329, `normalize` kò sì ní sọ ọ́ di U+0323. Àwa la gbọ́dọ̀ yí i padà fúnra wa. Nítorí náà, fọ́ọ̀mù tí mo ń lò báyìí nìyí:

```
function fo(oro) {
  return oro
    .normalize('NFD')
    .replace(/\u0329/g, '\u0323')
    .normalize('NFC')
    .replace(/\s+/g, ' ')
    .trim();
}
```

A tú ọ̀rọ̀ palẹ̀, a fi ojú àmì rọ́pò igi, a kó ọ̀rọ̀ pọ̀ padà, a wá fọ àlàfo rẹ̀. Mo fi í sínú ojú-ewé, Ìyá Bọ́sẹ̀ sì jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ohun tí n kò gbà kí ẹ ṣe

Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹ̀ka wa sọ pé kí n kúkú yọ gbogbo àmì kúrò, kí ohun gbogbo di a, e, o lásán. Ó ní wàhálà á parí. Lóòótọ́, ó rọrùn: ẹ tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ pẹ̀lú NFD, ẹ pa gbogbo àmì rẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ yóò di ohun kan náà. Ẹni tó ń wá ọkọ́ tó fi ń roko kò wá ọkọ tó fẹ́ ẹ sílé. Bí a bá pa àmì rẹ́, ńṣe la tún padà sí ìṣòro tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sá kúrò nínú rẹ̀, nítorí pé a ti sọ orúkọ tó yàtọ̀ di ọ̀kan.

N kò ní kí ẹ má ṣe é rárá. Akápò tó ń fi kíbọ́ọ̀dù lásán tẹ "Iya Bola" ṣì yẹ kó rí ìrànlọ́wọ́. Ẹ lè pa àmì rẹ́ láti fi orúkọ tó jọra hàn án, kí ó fúnra rẹ̀ mú èyí tó fẹ́. Wíwá kiri yàtọ̀ sí pípinnu. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń fi ohun hàn ènìyàn lásán, ẹ lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnì kan ti gba owó, ìbámu rẹ́gí ni kí ẹ béèrè fún.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kà á kí o tó fọwọ́ kàn án

Gbogbo ohun tí a ti ṣe kò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ Ìyá Bọ́láńlé. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí Ìyá Bọ́lá bá pé méjì nínú ẹgbẹ́? Orúkọ wọn bára mu rẹ́gí, èèyàn wọn kò bára mu. Ìkẹ́nnẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ orúkọ ìlú, ó tún jẹ́ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìpẹru, Ìlíṣàn, Ògèrè àti Ìrolú wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni, ohun méjì ni.

Ọ̀rọ̀ lè yí bìrí pẹ̀lú, kí ohun kan ní orúkọ méjì. Nínú àkójọ ìjọba ìbílẹ̀ tó wà nínú òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ gbé e jáde, Egbado North àti Egbado South ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n sì kọ Shagamu. Yewa North, Yewa South àti Sagamu ni àwọn ènìyàn ń kọ lónìí. Bí àtẹ kan bá tẹ̀lé àkójọ àkọ́kọ́ yẹn, tí èkejì bá tẹ̀lé ẹnu ará ìlú, ìbámu rẹ́gí kò ní rí nǹkan kan.

Ohun méjì ni mo wá ṣe. Àkọ́kọ́ ni pé kóòdù mi kò tún gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìlà kankan àfi bó bá rí ẹyọ kan ṣoṣo:

```
function samiSi(oruko) {
  const ri = waIla(oruko);
  if (ri.length !== 1) {
    alert('Ìlà ' + ri.length + ' ni mo rí. Ẹ fi nọ́ńbà wá a.');
    return;
  }
  ri[0].classList.add('ti-gba');
}
```

Bí ó bá rí òdo, yóò dúró. Bí ó bá rí méjì, yóò dúró. Ká ní mo ti kọ ìlà mẹ́rin yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, `:contains` ìbá rí mẹ́ta, kóòdù ìbá sì ti pariwo láàárọ̀, kí Ìyá Bọ́láńlé tó kúrò lóko. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ sínú àròkọ yìí, èyí ni kí ẹ má gbàgbé.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni pé mo fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ẹgbẹ́ rẹ̀ lára, irú `<tr data-nomba="017">`. Nọ́ńbà yìí ni àkójọ òkè ń gbé sí bọ́tìnì báyìí, orúkọ kàn wà níbẹ̀ kí akápò lè kà á ni. Wíwá rẹ̀ kò gba wàhálà:

```
document.querySelector('#ajo tr[data-nomba="017"]')
```

Nínú ohun tí CSS lè wá, `=` túmọ̀ sí ìbámu rẹ́gí. Ẹ ṣọ́ra fún `*=`, tó túmọ̀ sí "ó wà nínú rẹ̀". Òun náà yóò dá yín padà sí ìgbésẹ̀ kìíní. Nọ́ńbà kò ní àmì ohùn, kò ní ìnagijẹ, kò sì sí ẹni méjì tó ń jẹ́ 017 nínú ẹgbẹ́ Màmá.

Ẹnì kan lè béèrè pé, bó bá jẹ́ nọ́ńbà ló yanjú ọ̀rọ̀, kí la wá ń kọ́ ìbámu rẹ́gí fún? Ìdí ni pé ẹ kò ní fìgbà gbogbo jẹ́ ẹni tó ṣe àtẹ. Nígbà míì, ojú-ewé ẹlòmíràn ni wọ́n á ní kí ẹ ṣiṣẹ́ lé lórí, tí kò sí nọ́ńbà kankan lára ìlà rẹ̀. Orúkọ nìkan ni ẹ óò ní lọ́wọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ fọ ọ̀rọ̀, ẹ wo àpótí tó tọ́, ẹ fi `===` wé e, kí ẹ sì ka iye tí ẹ rí.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ fi ìjọba ìbílẹ̀ 20 tí mo tò sókè ṣe àtẹ. Ẹ fi `includes` wá "Ode", lẹ́yìn náà ẹ wá "ode". Ìlà mélòó ni ẹ rí nígbà kọ̀ọ̀kan, kí ló sì fà á tí wọn kò fi rí bákan náà?

2. Ẹ tẹ orúkọ ara yín pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ fi `===` wé wọn, kí ẹ wo `length` wọn. Ẹ wá fi `fo` fọ̀ wọ́n, kí ẹ sì tún wé wọn.

3. Ẹ ṣí kóòdù kan tí ẹ ti kọ fún ẹlòmíràn rí. Ẹ wá ibi tó ti ń yí ìlà padà láìkọ́kọ́ ka iye tó rí. Ẹ fi `if` síbẹ̀ lónìí.

Ìwé ńlá Màmá ṣì wà ńlẹ̀. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má jù ú nù, kí wọ́n máa tẹ̀ka sínú rẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo gbé ojú-ewé tuntun dé, Ìyá Bọ́láńlé ní kí n kọ́kọ́ tẹ ti Ìyá Bọ́lá kí òun wò ó. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìyá fi ìka rẹ̀ tọ ìlà tirẹ̀ lórí ojú kọ̀ǹpútà, ó rí i pé funfun ló ṣì wà, ó ní, "Ẹn-ẹ́n. Ó ti mọ̀ mí báyìí."